Ajánásì Àwọn Lọ́yà Ilé-Iṣẹ́

Bí mo bá sọ fún èèyàn ní Ìlọrin pé iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì ni kí n máa pe àwọn lọ́yà jọ kí wọ́n lè rí ibi sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ pa wọ́n. "Alhaja, ṣé lọ́yà náà tún ń wá ibi tí yóò ti sọ̀rọ̀ ni?" Èmi náà á bá wọn rín in. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi ara yín léèrè iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Lọ́yà tí ẹ mọ̀ ni ti ilé ẹjọ́, èyí tó ń dé fìlà onírun tó ń pariwo "Olúwa mi" níwájú adájọ́. Lọ́yà mìíràn wà tí kì í dé ilé ẹjọ́. Ọ́fíìsì kan nínú ilé-iṣẹ́ ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wo òfin tí ìjọba gbé jáde, kó sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Sà, èyí tí a fẹ́ ṣe yìí, òfin kò gbà á." Igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, òun ni wọ́n gbà síṣẹ́ kó máa wò ó láti òkèèrè. Ẹ ò mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń mú kí èèyàn dá wà tó. Ọ̀gá kò fẹ́ràn ẹni tó ń sọ pé kò ṣeé ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù á máa wò ó bí ọlọ́pàá. Bó bá délé, kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń dùn ún fún ọkọ tàbí aya, nítorí àṣírí ilé-iṣẹ́ ni. Irú àwọn èèyàn wọ̀nyí ni a ń pè jọ. Bí òfin tuntun bá ti jáde, a ó kà á, a ó túmọ̀ rẹ̀, wọ́n á béèrè ohun tó bá rú wọn lójú, wọ́n á sì gba ara wọn nímọ̀ràn.

Ilé àlùfáà ni wọ́n bí mi sí, kò jìnnà sí Ọjà-Ọba. Ajánásì ni bàbá mi. Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibí lè má mọ̀ ọ́n: nígbà Ààwẹ̀, bí àlùfáà àgbà bá jókòó láti túmọ̀ Àlùkùránì fún ìjọ, ẹnì kan á jókòó tì í tí yóò máa fi ohùn dídùn ka ẹsẹ kọ̀ọ̀kan síta kí àlùfáà tó túmọ̀ rẹ̀. Ẹni náà ni ajánásì. Bàbá mi mọ̀ ọ́n ṣe dé góńgó. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni èmi àti ìyá mi ti ń gbọ́ ọ, mo sì máa ń kà á tẹ̀lé e lábẹ́ ahọ́n. Iṣẹ́ ọkùnrin ni, n kò sì retí pé ó lè kàn mí. Mo lọ kàwé òfin ní tèmi, mo gboyè jáde, mo sì rò pé ilé ẹjọ́ ni mò ń lọ.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò lọ́rọ̀ nínú. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sáká, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé, mo sì lọ. Owó tó ń san, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ebi kò pa mí, alùbáríkà ló wà nínú rẹ̀.

Bàbá Sáká ti ṣe lọ́yà ilé-iṣẹ́ ńlá kan títí orí rẹ̀ fi funfun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní ohun tó jẹ òun níyà jù lẹ́nu iṣẹ́ ni àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀, òun kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìjókòó nìyẹn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọlé, mo bá a tó ń to àga yípo.

"Sà, níbo ni àga àwọn ọlọ́lá máa wà?" ni mo bi í.

"Ọlọ́lá wo? Ṣé ìgbéyàwó ni a fẹ́ ṣe níbí ni?"

Kò gba kí wọ́n gbé àga ẹnikẹ́ni ga. Kò gba kámẹ́rà. Kò gba kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kí gbogbo wọn tó jẹun, nítorí ó ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èmi ni mò ń lọ sí ọjà Ìpàtà ra wàrà àti màásà láàárọ̀ ọjọ́ ìjókòó, bí màásà náà bá sì ti tutù kí n tó dé, mo gbé! Bàbá á wo abọ́, á wo ojú mi, á ní, "Ṣé o ti bẹ àwọn aláìsàn wò lójú ọ̀nà ni?"

Ní ọjọ́ kan ló sọ fún mi pé èmi ni yóò máa ka òfin síta tí òun yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Sà, bí ajánásì?" Ó ní, "Bí ajánásì gan-an. Ṣebí ọmọ rẹ̀ ni ọ́." Omi bọ́ lójú mi níbi tí mo dúró sí. N kò lè sọ fún un pé láti kékeré ni iṣẹ́ náà ti ń wù mí.

Ẹ má rò pé ó kẹ́ mi nítorí ẹkún yẹn. Ó ní kí n ka ìlànà kan tó sọ pé ẹni tó bá ṣe báyìí yóò san owó ìtanràn. Mo kà á, mo gbé ohùn sókè níbi ìtanràn kí ẹ̀rù lè bà wọ́n. Ó ní kí n dúró. "Rámátù, ta ló fi ọ́ ṣe adájọ́?" Ó ní ohùn mi ti dá àwọn èèyàn lẹ́bi kí wọ́n tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ti bà kì í béèrè ọ̀rọ̀, irọ́ ló ń wá. Mo tún un kà, ó ní ó ti wá dà bí ẹni tó ń ka ìwé ìsìnkú. Ó kọ́ mi báyìí fún oṣù bíi mélòó kan. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Ìdí tèmi gbóná dáadáa. Ìgbà tí mo kà á tí kò sọ nǹkan kan, tó kàn gbé ojú sókè tó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀, mo mọ̀ pé mo ti yege. Kò yìn mí títí di òní.

Òfin tó le jù lọ nínú ìjókòó wa ni ti orúkọ. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀ràn bá wà lọ́kàn rẹ, wàá ní, "Ọ̀rẹ́ mi kan ní ilé-iṣẹ́ kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i rèé." Gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí ọ̀rẹ́ kankan. Lọ́yà kan wà tó jẹ́ pé ní gbogbo ìjókòó ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wọ ìjàngbọ̀n. Lọ́jọ́ kan ni obìnrin kan láti ilé ìfowópamọ́ dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa sọ fún ọ̀rẹ́ yín yìí kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe o!" A rẹ́rìn-ín títí, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì gbà á nímọ̀ràn bí ọmọ ìyá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn wọn. Oníjàgídíjàgan ni lọ́yà lójú ayé, àmọ́ nínú iyàrá yẹn, mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń ru ẹrù ara wọn.

Mo tún rí àléébù wọn o. Ẹni tí wọ́n bá fún láyè kó sọ̀rọ̀ díẹ̀, bí kò bá ti ìgbà ayé baba ńlá òfin bẹ̀rẹ̀ kò ní lè sùn. Bàbá Sáká kò sì gbà kí a já ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá ti gùn jù, màá gbé ìwé sókè, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà tó kàn pẹ̀lẹ́tù. Kò sí ẹni tó lè bá ajánásì jà. Wọ́n á kàn rọra jókòó.

Ìjókòó ń lọ, irinṣẹ́ ń yí padà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni a fi ń há ìwé ìpè kiri, láti Táńkẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìlú, mo sì mọ gbogbo géètì ilé-iṣẹ́ àti gbogbo ajá wọn. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ dé, ìmeèlì tẹ̀lé e, wáàsáàpù dé. Nígbà tí àrùn ti gbogbo wa mọ́lé, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìjókòó lórí Súùmù, èmi sì ń ka òfin nínú iyàrá mi sí ojú kékeré-kékeré tó pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. N kò gbádùn rẹ̀. O kò lè fi Súùmù fún èèyàn ní màásà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà sí iyàrá wa, àwọn tó wà lọ́nà jíjìn ní kí a má tì wọ́n síta, a sì gbé ojú kọ̀ǹpútà ńlá kan kọ́ ara ògiri tí wọ́n á máa gbà wọlé. Bàbá Sáká ti fi ìjókòó lé mi lọ́wọ́ nígbà yẹn, orúnkún kò gbà fún un mọ́.

Ibi tí àjálù gbà wọlé nìyẹn.

Mútíátù ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Lọ́yà ni fún ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó ní ẹ̀ka káàkiri. Lọ́jọ́bọ̀ kan tí à ń ka òfin ààbò ọ̀rọ̀ àṣírí ará ìlú, ó nawọ́. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní ilé-iṣẹ́ kan, òṣìṣẹ́ wọn kan ní Malete ti ṣèèṣì fi èsì àyẹ̀wò àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga kan sínú ẹgbẹ́ wáàsáàpù tí kì í ṣe tiwọn, àrùn oníkálukú àti orúkọ rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n sọ fún àjọ ìjọba, kí wọ́n sì sọ fún àwọn aláìsàn náà kíákíá, àyè tó kù kò sì ju ọ̀la lọ. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà kọ̀, ó ní ariwo náà á kú fúnra rẹ̀. Kí ni kí ọ̀rẹ́ òun ṣe?

Gbogbo wọn fọhùn papọ̀: kí ọ̀rẹ́ rẹ padà lọ bẹ ọ̀gá náà, kó má dákẹ́. Mútíátù kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó jókòó. Mo rí i tó mí kanlẹ̀.

Ohun tí ẹnì kankan nínú wa kò mọ̀ ni pé akọ̀wé kan wà nínú ìjókòó náà tí kì í ṣe èèyàn. Bárísítà Kàmọ́rù kò ráyè wá lọ́jọ́ náà, ó sì rán ẹ̀rọ kan kó gba orí Súùmù wọlé dípò rẹ̀, kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kó sì máa kọ ọ́. Orúkọ Kàmọ́rù ló wà lára rẹ̀, ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà sì rò pé òun fúnra rẹ̀ ni. Kàmọ́rù yìí kan náà ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ nípa ìpamọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí níjókòó tó ṣáájú! Nígbà tí a parí, ẹ̀rọ náà kọ àkójọ ọ̀rọ̀ wa ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ó kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu wa, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí ìwé ìpè. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, nítorí àwọn ló ń yọ̀ǹda lọ́yà wọn. Ọpẹ́ ni pé a kì í pe àwọn àjọ ìjọba sí ìjókòó wa.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Kí n tó jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, Mútíátù ti pè mí. Ó ń sunkún débi pé n kò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ. Alhaji Gárúbà, tó ni ilé àyẹ̀wò náà, ti ka ohun tí ẹ̀rọ kọ. Ó ti ní kó má padà wá sí ọ́fíìsì. Ó sì ní òun yóò kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣàkóso lọ́yà pé ó tú àṣírí oníbàárà rẹ̀, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá mi, iṣẹ́ mi lọ," ló ń wí. "Mo ti bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Èsì àwọn ọmọ yẹn ṣì wà níta o."

Ìyẹn ló mú omi jáde lójú tèmi. Ilé ń jó o, ó ṣì ń ronú àwọn ọmọ Malete.

Kàmọ́rù ti dé ilé mi kí n tó múra tán, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà. Inú bí mi débi pé mo rékọjá lórí rẹ̀. Mo padà gbé e dìde nígbà tó yá, nítorí kì í ṣe ènìyàn búburú; ohun tuntun ló ń pa á bí ọtí. Mo ní kó wà mí lọ sílé Bàbá Sáká.

Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó kàn ní kí wọ́n bá òun gbé ọ̀pá òun wá.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ la dé ilé Alhaji Gárúbà ní Gámbàrí. Aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kí Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi wá, àmọ́ bí mo ṣe dárúkọ Mútíátù báyìí, ojú rẹ̀ yí padà.

"Wàláhì, ẹ má bá mi sọ ti ọmọ yẹn. Mo fi í ṣe ọmọ, ó lọ tà mí lọ́jà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ lófòófó níbi ìjókòó yín."

Bàbá Sáká bẹ̀ ẹ́. Ó fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, ó fi Ànábì bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ kúnlẹ̀, Alhaji di í mú. "Bàbá, ẹ má ṣe é fún mi. Ẹ ti jù mí lọ. Ṣùgbọ́n n ò ní gbà á padà." Mo rí i pé ẹ̀bẹ̀ ti tán nínú apò wa.

Mo wá ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, òfin tó ń bẹ̀ yín lé lórí yìí, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí?"

"Èmi? Ṣebí tìtorí kí n má baà gbọ́ ọ ni mo ṣe gba lọ́yà."

"Ṣé kí n kà á fún yín?"

Ó wo Bàbá, Bàbá wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ kà á, ẹ jẹ́ ká sinmi."

Mo yọ ìwé òfin nínú báàgì, mo gbé gíláàsì sójú. Ọkàn mi ń sọ pé kí n ti ibi ìtanràn bẹ̀rẹ̀, kí n fi dẹ́rù bà á. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí òfin ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí àṣírí rẹ̀ jáde ni mo ti bẹ̀rẹ̀: pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó gbọ́ láti ẹnu ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí lọ́wọ́, kó lè mọ bí yóò ṣe dáàbò bo ara rẹ̀. Mo kà á bó ṣe yẹ kí a kà á, láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí mo bá dúró, Bàbá á fi Yorùbá tó rọrùn túmọ̀ rẹ̀. Ohùn Bàbá ti rẹ̀ gan-an.

Nígbà tó yá, Alhaji ní, "Bí ó bá jẹ́ ọmọ mi obìnrin ni èsì rẹ̀ jáde ńkọ́?"

Bàbá ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n tún ibẹ̀ kà.

Mo tún un kà. Alhaji yọ fìlà, ó fi nu ojú. "Ṣé gbogbo ohun tí ọmọ yìí ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí nìyí? Èmi rò pé ìjọba ló ń bẹ̀rù."

Ó gbé fóònù. Gbogbo wa ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Mútíátù gbé e, ó ń kí i pẹ̀lú ẹkún.

"Mútíátù, ìwé tí o ní kí n fọwọ́ sí, ibo ló wà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, sà."

"Mú un bọ̀ nílé báyìí. Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Mú bírò dání o, àwọn ọmọ ilé yìí ti jí gbogbo bírò mi kó."

Kẹ̀kẹ́ ló gbé e wá, híjáàbù rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Alhaji ní kó dìde, kó má fi àkókò ṣòfò. Ó fọwọ́ sí ìwé náà. Ó ní, "Ó ku kí ni?"

"Ó ku kí n pe àwọn aláìsàn náà, sà."

"Ìwọ kọ́," ni Alhaji wí. "Bá mi tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Nítorí àṣírí tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń darí ìjókòó kì í mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń já sí. Wọ́n á gba ìmọ̀ràn, wọ́n á dìde, wọ́n á máa lọ, o kò ní gbọ́ bóyá wọ́n lò ó tàbí wọn kò lò ó. Bí mo ṣe fi ọjọ́ ayé mi ṣiṣẹ́ nìyẹn, tí mò ń kàwé sí afẹ́fẹ́, tí mo sì ń gba Ọlọ́run gbọ́ fún èyí tó kù. Àfi ọ̀sán Jímọ̀ yẹn nìkan. Mo jókòó ní pálọ̀ Alhaji Gárúbà, mo rí ọkùnrin ńlá náà tó mú fóònù pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún ọmọ kan tí kò mọ̀ rí ní Malete pé, "Ọmọ mi, má bẹ̀rù. Orúkọ mi ni Gárúbà. Ilé-iṣẹ́ mi ti ṣẹ̀ ọ́, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni o ti máa gbọ́ ọ."